Láti Ẹ̀bá Títì Dé Iwájú Adájọ́: Ìrìn Ẹjọ́ Ẹni Tó Mutí Wakọ̀ ní England àti Wales

Ní England àti Wales, nọ́ńbà ni òfin fi ń mọ ẹni tó mutí wakọ̀. Bí ojú awakọ̀ ṣe pọ́n kọ́ ni wọ́n ń wò, iye ìgò tó dà sẹ́yìn kọ́ sì ni wọ́n ń kà. Bí ọtí tó wà nínú 100 mílílítà èémí rẹ̀ bá ju máíkírógíráàmù 35 lọ, ó ti ṣẹ̀. Bákan náà ni bí ó bá ju mílígíráàmù 80 lọ nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀, tàbí mílígíráàmù 107 nínú 100 mílílítà ìtọ̀. Ó lè wa ọkọ̀ náà gún régé láti ilé ọtí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀; ẹ̀ṣẹ̀ ni síbẹ̀. Abala 5 nínú Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó ti ọdún 1988 ló gbé èyí kalẹ̀. Abala 4 wà fún ẹni tí ọtí tàbí oògùn ti mú débi pé kò lè darí ọkọ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ibẹ̀ sì ni ojú pípọ́n àti ẹsẹ̀ tí kò ranlẹ̀ ti wúlò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ jù lọ ẹjọ́, nọ́ńbà ni wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù. Gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí ọlọ́pàá ti dá ọkọ̀ dúró títí adájọ́ yóò fi sọ̀rọ̀ dá lórí bí wọ́n ṣe máa rí nọ́ńbà tó ṣeé gbára lé, láìfi ẹ̀tọ́ awakọ̀ dù ú.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni òfin náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1872 kàn sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mutí yó ní gbangba nígbà tí ẹṣin, màlúù, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tàbí ẹ̀rọ olóoru wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1897, George Smith, awakọ̀ takisí ní Lọ́ńdọ̀nù, wa ọkọ̀ rẹ̀ lu ilé kan ní New Bond Street. Òun ni àkọsílẹ̀ sọ pé ó kọ́kọ́ jẹ̀bi ẹ̀sùn mímutí wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nílẹ̀ náà. Òfin 1925 àti ti 1930 dárúkọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, àmọ́ ìṣòro kan kò kúrò nílẹ̀: ta ló máa sọ pé ọkùnrin yìí ti yó? Dókítà ọlọ́pàá a ní kí ó rìn lórí ìlà tí wọ́n fi ẹfun fà, a ní kí ó sọ gbólóhùn tó ń lọ́ ahọ́n. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, lọ́yà rẹ̀ a dìde, a ní àìsùn ló ń ṣe oníbàárà òun, tàbí ìpayà ìjàǹbá ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara lẹ́nu rẹ̀.

Òfin Ààbò Ojú Pópó ti 1967 ló gé àríyànjiyàn náà kúrú. Barbara Castle, mínísítà ètò ìrìnnà nígbà náà, tí òun fúnra rẹ̀ kì í wakọ̀, ló dúró tì í, ariwo tí wọ́n pa lé e lórí kò sì kéré. Láti oṣù Kẹwàá ọdún náà ni mílígíráàmù 80 ti di ààlà nínú ẹ̀jẹ̀, ọlọ́pàá sì ń gbé ọ̀pá gíláàsì kékeré kan dání tí èròjà inú rẹ̀ ń yí láti àwọ̀ ìyeyè sí àwọ̀ ewé bí èémí ọlọ́tí bá kàn án. Ní 1983 ni ẹ̀rọ tó ń wọn èémí ní àgọ́ ọlọ́pàá gba ipò iwájú, tí abẹ́rẹ́ sì di ohun tí wọ́n ń lò bí ìdí bá wà nìkan. Ìpinnu tó dára ni kí òfin gbára lé nọ́ńbà. Ní 1979, nǹkan bí ènìyàn 1,640 ni wọ́n ṣírò pé ó kú ní Britain nínú ìjàǹbá tí awakọ̀ ọlọ́tí wà nídìí rẹ̀. Ní 2022, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí 300. Bẹ́líìtì, ọ̀nà tó dára àti ọkọ̀ tó lágbára náà ní ọwọ́ nínú ìyàtọ̀ yìí. Síbẹ̀, 300 òkú lọ́dún kan nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ pọ̀ jù.

Ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́ lè dá ọkọ̀ èyíkéyìí dúró lójú pópó. Abala 163 nínú Òfin 1988 ló fún un lágbára náà, kò sì bi í léèrè ìdí. Awakọ̀ tó bá kọ̀ láti dúró ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni dídá ọkọ̀ dúró, ọ̀tọ̀ ni kí ọlọ́pàá ní kí ènìyàn fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ. Fún ti èyí, abala 6 béèrè ìdí. Ó lè jẹ́ pé ọlọ́pàá ní ìfura tó nídìí pé ọtí wà lára awakọ̀: ó lè ti gbóòórùn rẹ̀, awakọ̀ sì lè ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé bíà kan péré lòun mu. Ó lè jẹ́ pé awakọ̀ ṣẹ̀ sí òfin ìrìnnà nígbà tí ọkọ̀ ń rìn, bíi kí ó sáré jù tàbí kí ó gba iná pupa kọjá. Ó sì lè jẹ́ pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, tí ọlọ́pàá sì ní ìdí láti gbà pé òun ló wà nídìí ọkọ̀. Nítorí náà, ìwádìí ọtí tí kò nídìí kankan kò bófin mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dídá ọkọ̀ dúró láìnídìí bófin mu. Nínú ìṣe, ààlà àárín méjèèjì tín-ín-rín, nítorí gíláàsì fèrèsé tí awakọ̀ bá yí wálẹ̀ ti tó láti jẹ́ kí òórùn jáde.

Òfin yìí kan ojú pópó àti ibikíbi tí ará ìlú ń wọ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé ọtí wà lára rẹ̀ nígbà tí ilé ọtí bá ṣí sílẹ̀ fún oníbàárà. Kò sì di dandan kí ọkọ̀ máa rìn. Ẹni tó gbìyànjú láti wà á wà lábẹ́ òfin, ẹni tí ọkọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀, bíi ẹni tó ń sùn sórí ìjókòó pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò lẹ́bàá títì kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè dì mú. Nítorí pé ọtí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu kọjá lè mú kí èsì ga ju bó ṣe yẹ lọ, bí awakọ̀ bá sọ pé kò tíì pé ìṣẹ́jú 20 tí òun mu ún, ọlọ́pàá sábà máa ń dúró kí àkókò náà pé. Èsì ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹ̀rí tí wọ́n fi ń dáni lẹ́bi ní kóòtù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bóyá ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí ó bá fi hàn pé awakọ̀ kò kọjá ààlà, tí kò sì sí ohun mìíràn, ó lè máa lọ. Ẹni tó bá kọ̀ láti fẹ́ ẹ láìsí àwáwí tó nídìí lè san ìtanràn tó tó £1,000, àmì 4 á sì wọ láísẹ́ǹsì rẹ̀. Kò sì bọ́ lọ́wọ́ àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí ìkọ̀sílẹ̀ náà pẹ̀lú ìfura ọtí ti tó fún ọlọ́pàá láti mú un.

Bí wọ́n bá máa mú un, wọn kò nílò ìwé àṣẹ kóòtù. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ sọ fún un pé wọ́n ti mú un, kí ó sì sọ ìdí. Yóò tún kìlọ̀ fún un pé kò pọn dandan kí ó sọ ohunkóhun, ṣùgbọ́n pé ó lè pa ẹjọ́ rẹ̀ lára bí ó bá dákẹ́ lórí ohun tó máa wá gbára lé ní kóòtù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ ìkìlọ̀ yìí gbọ́ òdì. Ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ kan ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò kan èémí.

Ìyàtọ̀ kan wà níbí tó yẹ kí ẹni tó ti Nàìjíríà dé mọ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC lè kọ tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó mutí wakọ̀, ₦5,000 sì ni òfin wọn ti 2007 kọ sílẹ̀ fún un. Ní England, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹ̀ṣẹ̀ yìí, kò sì sí owó kankan tí ọlọ́pàá lè gbà lójú ọ̀nà, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì. Kóòtù nìkan ló ń bu ìtanràn. Ẹni tó bá ti owó bọ ọlọ́pàá lọ́wọ́ ti kúrò lórí ẹ̀sùn tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè ju oṣù 6 lọ, ó ti bọ́ sórí èyí tí Òfin Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti 2010 lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí.

Ní àgọ́, sájẹ́ǹtì tó ń bójú tó àwọn tó wà látìmọ́lé ló ń gba awakọ̀ wọlé. Yóò kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀, yóò sì ka ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún un: kí wọ́n sọ fún ẹnì kan níta pé ó wà níbẹ̀, kí ó rí lọ́yà láìsanwó, kí ó ka ìwé ìlànà tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, kí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì rí i bí ara rẹ̀ kò bá dá. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu lè béèrè ògbufọ̀, owó ìjọba ni wọ́n fi ń san án. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn béèrè ògbufọ̀ Yorùbá níbẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n máa tó kà sí i létí lágbára ju ohun tó dàbí lọ. Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé wọ́n máa dá ẹ̀rọ dúró de lọ́yà. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ léraléra pé ẹ̀tọ́ sí lọ́yà kò gba kí wọ́n fi ìwọ̀n èémí falẹ̀, nítorí ọtí ń dín kù nínú ara bí àkókò ṣe ń lọ. Bí lọ́yà bá wà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀, wọ́n lè jẹ́ kí ó bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ ló kàn.

Orí ẹ̀rọ yìí ni ẹjọ́ náà wà. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n ti ń lò ní àgọ́ ọlọ́pàá láti bí ọdún mélòó kan: Lion Intoxilyzer 6000UK, Camic Datamaster àti Intoximeter EC/IR. Ọlọ́pàá tó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ ló ń lò ó, fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní MG DD/A sì ni ó ń tẹ̀ lé ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Ó lè dà bíi pé ó kàn ń kàwé lásán, àmọ́ òfin wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ìdí ìlera kan wà tí èémí kò fi ní ṣeé ṣe. Ó sì gbọ́dọ̀ kìlọ̀ pé ẹni tó bá kọ̀ yóò jẹ́jọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kan ti bọ́ ní kóòtù nítorí pé ọlọ́pàá fo ìkìlọ̀ yìí. Kì í ṣe pé kóòtù fẹ́ràn ọlọ́tí. Òfin tó fún ọlọ́pàá lágbára láti gba ẹ̀rí láti inú ara ènìyàn gbọ́dọ̀ rí i pé ẹni náà mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, agbára náà á di ìfipá.

Kí awakọ̀ tó fẹ́ èémí, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti mọ iye ọtí inú rẹ̀. Ìdánwò náà gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín 32 sí 37. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ á fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rọ á sì tún dán ara rẹ̀ wò. Nínú èémí méjèèjì, èyí tó kéré ni wọ́n ń lò: bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 52, tí èkejì jẹ́ 49, 49 ni òfin mọ̀. Bí ìyàtọ̀ àárín wọn bá ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á sọ pé kò dá òun lójú, wọ́n á sì lọ sí ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀. Ìwé kékeré tí nọ́ńbà wà lórí rẹ̀ á jáde. Ọlọ́pàá á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì fún awakọ̀ ní ẹ̀dà kan. Láti 1983 ni ìlànà ọlọ́pàá ti jẹ́ pé wọn kì í sábà fẹ̀sùn kan ẹni tí èsì rẹ̀ kò tó 40, kí àṣìṣe kékeré má baà kó aláìṣẹ̀ sí wàhálà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí èsì rẹ̀ kò ju 50 lọ lè ní kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ rọ́pò rẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni òfin ti fa ẹ̀tọ́ yẹn tu, nítorí àkókò tí wọ́n fi ń wá dókítà ń mú kí ọtí yọ́ kúrò lára ẹni tó jẹ̀bi.

Ìkọ̀sílẹ̀ ní àgọ́ ni àṣìṣe tó ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ jù. Ẹni tó rò pé bí kò bá sí nọ́ńbà kò ní sí ẹjọ́ kò mọ abala 7. Ẹni tó bá kọ̀ láti fi èémí, ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ sílẹ̀ láìsí àwáwí tó nídìí ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà rẹ̀ tó ti ẹni tó kọjá ààlà: ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6, ìtanràn tí kò ní òpin, àti ìfòfindè kúrò nídìí ọkọ̀ fún ó kéré tán oṣù 12. Ẹni tó fi ẹnu kan ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tó sì ní kò ní sí èkejì ti kọ̀. Ẹni tó ní òun ń dúró de lọ́yà ti kọ̀. Ikọ́ fée lè jẹ́ àwáwí tó nídìí bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni kò jẹ́ kí ó lè fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n lójú ẹsẹ̀ ni kí ó ti sọ ọ́, nítorí àìsàn tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀ ní kóòtù ṣòro láti gbà gbọ́. Ìlànà ìdájọ́ tilẹ̀ mú kí agídí burú ju ọtí díẹ̀ lọ. Ẹni tí èsì rẹ̀ jẹ́ 45 wà ní ìpele ìtanràn àti ìfòfindè oṣù 12 sí 16. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti iṣẹ́ ìlú tí kóòtù ń pa láṣẹ, pẹ̀lú ìfòfindè oṣù 17 sí 28, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọtí tó mu lè má tó ti ẹni àkọ́kọ́.

Ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ kì í ṣe ohun tí awakọ̀ ń yàn. Wọ́n ń lọ síbẹ̀ bí ìdí ìlera bá wà, bí ẹ̀rọ kò bá sí tàbí tí kò ṣeé gbára lé, tàbí bí wọ́n bá fura sí oògùn. Ọlọ́pàá ló ń yàn láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó ní ìwé àṣẹ ló ń fa ẹ̀jẹ̀, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á sì fún awakọ̀ ní apá kan bí ó bá béèrè, kí ó lè gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tirẹ̀. Ó yẹ kí ó béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba ìtọ̀ láàárín wákàtí kan, àkọ́kọ́ ni wọ́n sì ń dà nù. Ní ilé ìwòsàn, kí ọlọ́pàá tó béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ìtọ́jú, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, dókítà náà sì lè kọ̀ bí yóò bá pa aláìsàn lára. Bí awakọ̀ bá dákú, wọ́n lè fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí yóò fi jí, kí ó sì gbà. Bí ó bá jí tí ó kọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Nígbà tí èsì bá ti jáde lára ẹ̀rọ, ẹ̀sùn kì í pẹ́. Wọ́n á ka ẹ̀sùn sí i létí, wọ́n á fún un ní béèlì àti ọjọ́ tó máa yọjú ní kóòtù, wọ́n sì lè tì í mọ́lé títí ọtí yóò fi kúrò lójú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbà, èsì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé ìpè sì lè wá sílé rẹ̀. Oṣù 6 láti ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ni òfin fún wọn láti pe ẹjọ́ náà. Láàárín àkókò yìí, bí kò bá sí òfin béèlì tó kà á léèwọ̀, awakọ̀ ṣì lè máa wakọ̀, nítorí kò tíì jẹ̀bi. Èyí yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tí àjọ ìjọba ti lè gba láísẹ́ǹsì kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Kóòtù Májísíréètì nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ yìí, kò sì sí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ aráàlú níbẹ̀. Ará àdúgbò mẹ́ta tí wọn kì í ṣe amòfin ló sábà ń jókòó, pẹ̀lú amòfin kan tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Nígbà mìíràn, adájọ́ kan tó kọ́ṣẹ́ òfin ló ń dá a gbọ́. Lọ́yà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kóòtù lọ́jọ́ náà lè ran ẹni tí kò ní lọ́yà lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀sùn yìí. Bí olùjẹ́jọ́ bá gbà pé òun jẹ̀bi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sábà máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n tí ì bá gbà. Ìdínkù yẹn kò kan ìfòfindè.

Bí ó bá ní òun kò jẹ̀bi, àwíjàre rẹ̀ kò pọ̀. Ó lè ní òun kọ́ ló wakọ̀, tàbí pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ará ìlú ń wọ̀, tàbí pé ọlọ́pàá kò tẹ̀lé ìlànà. Ohun tí kò lè kàn sọ lásán ni pé nọ́ńbà rẹ̀ kéré nígbà tó ń wakọ̀. Òfin gbà pé ọtí tó wà lára rẹ̀ nígbà náà kò kéré sí èyí tí ẹ̀rọ rí. Bí ó bá ní lẹ́yìn tí òun dúró ni òun mu èyí tó mú nọ́ńbà ga, òun ló máa fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀, ó sì sábà ń gba onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó máa ṣírò rẹ̀ fún kóòtù. Olùpẹjọ́ náà lè ṣírò sẹ́yìn. Nínú ẹjọ́ kan tó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ náà ní 1989, ìjàǹbá pa ènìyàn, wákàtí mẹ́rin ó lé sì kọjá kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ awakọ̀. Mílígíráàmù 59 ni wọ́n rí, ó kéré sí 80. Àwọn onímọ̀ ṣírò bí ọtí ṣe ń dín kù nínú ara, wọ́n sì fi hàn pé ó ti kọjá ààlà dáadáa nígbà tó ń wakọ̀. Ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí ìdálẹ́bi rẹ̀.

Ìfòfindè ni ìjìyà tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù jù, dandan sì ni. Ìwọ̀n rẹ̀ ń tẹ̀lé nọ́ńbà èémí. Láti 36 sí 59, ìtanràn ni, nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀ owó tó ń wọlé fún un lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìfòfindè oṣù 12 sí 16. Láti 60 sí 89, ìfòfindè á gùn tó oṣù 17 sí 22. Láti 90 sí 119, iṣẹ́ ìlú ló kàn, oṣù 23 sí 28. Láti 120 sókè, ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́wọ̀n ni ibi tí ìrònú kóòtù ti ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oṣù 29 sí 36. Ẹni tó ti jẹ̀bi irú rẹ̀ láàárín ọdún 10 sẹ́yìn kò lè gba ìfòfindè tí kò tó ọdún 3. Bí ọmọdé bá wà nínú ọkọ̀, tàbí tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ó máa ń pọ̀ sí i.

Kí kóòtù tó lè yẹ ìfòfindè náà sílẹ̀, ìdí pàtàkì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà gan-an: ẹnì kan da ọtí sí nǹkan mímu awakọ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, pàjáwìrì tí kò sí ọ̀nà mìíràn láti yanjú rẹ̀, tàbí kí ó ti kàn sún ọkọ̀ díẹ̀ láìfi ẹnikẹ́ni sínú ewu. Ìnira kò sí lára rẹ̀. Pé ọmọ mẹ́rin ń bẹ nílé, pé iṣẹ́ takisí ni wọ́n fi ń jẹun, pé ìyá arúgbó ń retí ẹni tó máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn: májísíréètì lè gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí àánú ṣe é, síbẹ̀ òfin kò fún un láyè láti dín oṣù 12 náà kù.

Fún ẹni tí ọkọ̀ kàn wà níkàáwọ́ rẹ̀, ìjìyà fúyẹ́ díẹ̀: àmì 10 lórí láísẹ́ǹsì tàbí ìfòfindè tí kóòtù bá rò pé ó yẹ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò sì ju oṣù 3 lọ. Ó lè bọ́ pátápátá bí ó bá fi hàn pé kò jọ pé òun máa wa ọkọ̀ náà nígbà tí ọtí ṣì ju ààlà lọ lára òun. Ní ìdà kejì ni ẹni tó mutí tó sì fi ìwakọ̀ àìbìkítà pa ènìyàn wà. Ẹjọ́ tirẹ̀ ń lọ sí Kóòtù Crown níwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ aráàlú. Títí di oṣù Kẹfà ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni òpin rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹ̀wọ̀n gbére ni.

Ó yẹ kí ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ sí àríwá rántí pé òfin Scotland yàtọ̀. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014 ni ààlà èémí níbẹ̀ ti wálẹ̀ sí 22. Ẹni tí èémí rẹ̀ jẹ́ 30 kò ṣẹ̀ ní Carlisle, ṣùgbọ́n bí ó bá wakọ̀ dé Gretna, tí kò jìnnà, ó ti ṣẹ̀.

Ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí Kóòtù Crown láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15, ó sì lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ìfòfindè dúró títí wọ́n á fi gbọ́ ọ. Bí kò bá sí èyí, lójú ẹsẹ̀ ni ìfòfindè ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó wa ọkọ̀ wá sí kóòtù kò lè wà á padà sílé. Bí ó bá wakọ̀ lásìkò ìfòfindè, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 lè tún wà níbẹ̀, ìṣòro ìńṣọ́ránsì á sì gun orí rẹ̀. Kóòtù lè fún un láǹfààní láti lọ sí ẹ̀kọ́ kan fún awakọ̀ ọlọ́tí, tí òun fúnra rẹ̀ máa san owó rẹ̀. Bí ó bá parí rẹ̀ lásìkò, ìfòfindè lè dín kù tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìdálẹ́bi yìí jẹ́ ti ọ̀daràn, kì í ṣe ti ìrìnnà lásán. Ọdún 11 ni kóòdù DR10, tàbí DR30 fún ẹni tó kọ̀, ń lò lórí àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ní Britain jẹ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn sì retí pé kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ẹni tó ń béèrè físà tàbí ìwé ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, nítorí bíbò ó mọ́lẹ̀ lè pa á lára ju ẹ̀ṣẹ̀ náà lọ. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà, tí olùgbé tuntun lè fi wakọ̀ níbẹ̀ fún oṣù 12, kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀: kóòtù lè fòfin dè é kúrò lójú pópó Britain bákan náà.

Láísẹ́ǹsì kì í fúnra rẹ̀ padà. DVLA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó láísẹ́ǹsì, máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ní bí ọjọ́ 56 kí ìfòfindè tó parí. Àwọn kan wà tí àjọ náà kà sí awakọ̀ eléwu: ẹni tí èémí rẹ̀ tó 87.5, ẹni tó kọ̀ láti fi èémí tàbí ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àti ẹni tó jẹ̀bi lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 10. Àwọn wọ̀nyí máa rí dókítà tí DVLA yàn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn láti mọ bóyá ọtí ṣì ń jọba lára wọn. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2013, wọn kò tún lè máa wakọ̀ nígbà tí wọ́n ń dúró de èsì náà. Títí dókítà yóò fi sọ pé ara wọn ti dá, tí DVLA sì fọwọ́ sí i, wọ́n ṣì wà láìní láísẹ́ǹsì, bí ìfòfindè kóòtù tilẹ̀ ti parí.